Tàkúté Tí Kì í Pa Ẹran

  Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, púpọ̀ nínú yín ń tẹ̀ka ni bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú yín. Lónìí, ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka yẹn o, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ọkùnrin kan tí igbó jẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọdẹ, kì í ṣe àgbẹ̀, kì í sì í ṣe onígẹdú. Aṣọ́gbó ìjọba ni, irú àwọn tí àwa ń pè ní fọ́rẹ́ẹ̀sì. Frederick Walter Champion ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n bí i ní 1893, ó kú ní 1970. Ọkùnrin yìí dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà ẹranko ní òru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mú ẹranko tí apá ọdẹ kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ ká. Ṣùgbọ́n tàkúté náà kì í pa wọ́n. Àwòrán wọn ni ó ń mú, ẹran a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

A mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Tíṣà, kí ló kàn wá kan Íńdíà?” Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ igbó Gambari. Ẹ mọ igi tíìkì tí wọ́n gbìn síbẹ̀, tí ó tò lọ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọwọ́ yín yóò pọ́n bí ẹni tí ó fọwọ́ kan osùn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe òpó iná. Ẹ mọ igi mẹ̀línà pẹ̀lú, tí àwọn kápíńtà ń là ní pákó. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó jẹ́ igi ilẹ̀ wa. Apá Íńdíà àti Bọ́máà ni irúgbìn wọn ti wá, àwọn aṣọ́gbó ni wọ́n sì mú un wá. Ọ̀gbẹ́ni H. N. Thompson, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903, Bọ́máà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀, nígbà tí Bọ́máà ṣì wà lábẹ́ Íńdíà. Òfin tí àwọn bàbá ńlá wa kùn sí, pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi ní igbó ìjọba láìgba ìwé, wọ́n ti ń lò ó ní ọ̀hún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n sì lọ ja ogun Bọ́máà, láti 1943 títí di 1945, fi ojú ara wọn rí irú igbó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìtàn aṣọ́gbó Íńdíà kì í ṣe ìtàn àjèjì pátápátá lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí aṣọ́gbó ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó lé ènìyàn jáde nínú igbó, kí ó sì gba owó lọ́wọ́ onígẹdú. (A kò sọ pé kò sí irú wọn o.) Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbègbè tí wọ́n ń pè ní United Provinces nígbà náà ni Champion wà, ní àríwá Íńdíà, nítòsí ẹsẹ̀ òkè Himalaya. Igi kan pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sàálì. Igi líle ni, kì í tètè jẹrà, òun ni wọ́n sì ń tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè. Ẹ rò ó wò. Rélùwéè Íńdíà lọ kan gbogbo ilẹ̀ ńlá náà, irin kò sì lè dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá fi igbó sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn ń wá igi, láìpẹ́ kò ní sí igbó mọ́. Aṣọ́gbó ni ó ń sọ pé: èyí ti gbó, ẹ gé e, èyí ṣì kéré, ẹ fi í sílẹ̀, èyí ni ìyá tí yóò máa so èso sílẹ̀, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Yóò yí igi po. Yóò fi tépù wọ̀n ọ́n níbi tí ó bá àyà ènìyàn mu, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti wú. Yóò kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ igi tí wọ́n fẹ́ gé, wọn yóò fi àáké bó èèpo rẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì fi òòlù tí ó ní àmì lójú lù ú, kí òǹtẹ̀ ìjọba lè wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé igi tí kò ní òǹtẹ̀, ó ní ẹjọ́ í rò. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkọ wà nínú igbó pẹ̀lú?

Iná ńkọ́? Ní Íńdíà bí ti ọ̀dọ̀ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìbẹ̀rù fún ẹni tí ń ṣọ́ igbó. Láti oṣù kẹrin títí òjò fi dé ní oṣù kẹfà, ewé á gbẹ, koríko á gbẹ, atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́. Iná tábà ẹyọ kan tó. Nítorí náà àwọn aṣọ́gbó á ti la ọ̀nà gbọọrọ sáàárín igbó ṣáájú, wọn á sì sun koríko ojú ọ̀nà náà fúnra wọn nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, kí iná ńlá tí ó bá ń bọ̀ má rí ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó, tí ẹ máa ń ro àyíká rẹ̀ kí ọyẹ́ tó le, ẹ kò nílò kí a ṣe àlàyé èyí fún yín.

Nígbà òtútù ni ọ̀gá aṣọ́gbó ń rìn jù. Yóò kúrò ní igbó kan bọ́ sí òmíràn, yóò máa sùn nínú àgọ́ tàbí nínú ilé ìsinmi kékeré tí ìjọba kọ́ sínú igbó. Erin tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ni ó ń gùn. Àní erin! Orí erin ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ má rò pé fáàrí ni. Erin lè la koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ kọjá, ó lè wọ́ odò, ó sì ní àǹfààní kan tí ó wúlò fún ìtàn wa: àwọn ẹran igbó kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún un. Bí wọ́n bá rí erin, wọ́n á ní erin ni, wọn kì í sábà fura sí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Lórí erin, Champion rí ohun tí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè rí. Ó ya àwòrán àgbọ̀nrín, ẹyẹ àti oríṣìíríṣìí ẹranko ní ojú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó ṣòro. Tígà ni.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Kò sí tígà nínú igbó Áfíríkà. Àwọn ìwé kan máa ń pè é ní ẹkùn, ṣùgbọ́n ẹkùn tiwa kọ́. Ẹkùn tiwa ní àmì tóótòòtó lára. Tígà tóbi jù ú lọ dáadáa. Akọ ńlá lè wọn 200 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní ìlà dúdú tí ó ti ẹ̀yìn sọ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àfi bí ẹni tí ó kọ ilà. Òru ni ó fẹ́ràn láti máa rìn. Ó lè kọjá lẹ́yìn ilé yín kí ẹ má mọ̀.

Ní ayé ìgbà náà, bí òyìnbó pàtàkì tàbí ọba Íńdíà kan bá fẹ́ fi hàn pé òun jẹ́ ọkùnrin, tígà ni yóò lọ pa. Wọ́n á kó erin jọ, wọ́n á kó ènìyàn jọ, wọ́n á fi ìlù àti ariwo lé ẹranko náà wá síwájú ìbọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé òkú rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ya àwọn ní fọ́tò. Ṣé ẹ gbọ́? Kámẹ́rà wà nígbà náà, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n sábà máa ń fi yà. Ìjọba pàápàá ń san owó fún ẹni tí ó bá pa ẹranko tí wọ́n kà sí apanirun. Nígbà tí ọkọ̀ mọ́tò wá pọ̀ sí i, ẹni tí kò lè rin máìlì kan nínú igbó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sínú ọkọ̀, ó ń yìnbọn láti ojú ọ̀nà tí àwọn aṣọ́gbó fi òógùn là.

Champion kò fẹ́ èyí. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Íńdíà láti 1913, ó ti wọ iṣẹ́ ológun pẹ̀lú kí ó tó bọ́ sí iṣẹ́ igbó, nítorí náà kì í ṣe pé kò mọ ìbọn í yìn. Kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa fi ẹ̀mí ẹran ṣeré ni. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó rí tígà bí ó ti ń rìn nílé ara rẹ̀, láìsí ẹni tí ó ń lé e.

Bí ó ti ṣe é nìyí. Ó kọ́kọ́ ní láti mọ ibi tí tígà ń gbà. Abẹ́ ẹsẹ̀ tígà rọ̀, kò fẹ́ràn ẹ̀gún àti òkúta tí ó mú. Ojú ọ̀nà tí àwọn aṣọ́gbó là àti iyanrìn odò tí ó ti gbẹ ni ó máa ń tọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń mú un gba ọ̀nà wọ̀nyí kọjá ní àràárọ̀ ní àǹfààní láti wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ dà bí ìwé tí a kọ sórí iyanrìn: ta ni ó kọjá, ìgbà wo ni, ṣé ó ń sáré àbí ó ń rìn jẹ́jẹ́, ṣé òun nìkan ni àbí ọmọ ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọdẹ wa mọ ìwé yìí kà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dá kíláàsì àgbà sílẹ̀.

Bí ó bá ti mọ ọ̀nà, yóò gbé kámẹ́rà sí ẹ̀bá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kámẹ́rà ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ó wà nínú fóònù yín o. Àpótí ni. Dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi oògùn kùn ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀, dígí kan fún àwòrán kan. Yóò wá ta okùn tín-ín-rín kọjá ojú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń dẹ ẹ̀bìtì. Okùn yìí so mọ́ wáyà bátìrì. Bí ẹran bá fi ara ti okùn, bátìrì yóò ṣáná sí ẹ̀tù kan tí wọ́n ń pè ní magnẹ́síọ̀mù. Ẹ̀tù náà yóò kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà yóò mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, ojú kámẹ́rà yóò ṣí, yóò sì pa dé. Kí ẹ tó ṣẹ́ ojú, ó ti tán. Òkùnkùn á tún bo gbogbo ibẹ̀.

Ẹ ti rí i pé tàkúté yìí kò mọ ẹni tí yóò mú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kan okùn ni yóò yà. Bí òòrẹ̀ bá kọjá ní agogo mẹ́jọ, tí tígà sì kọjá ní agogo mẹ́wàá, òòrẹ̀ ni ó ni òru ọjọ́ náà. Kò sí dígí kejì nínú àpótí, ẹ̀tù sì ti jó tán. Àgbọ̀nrín lè kàn án, ìkookò lè kàn án, béárì lè kàn án, ewé tí ó já bọ́ náà lè ṣe é. Bí ìrì bá ti mú kí ẹ̀tù rin, kò ní jó. Bí ó bá sì jó níbi tí kò yẹ, ó lè bó ènìyàn lójú. Tí ilẹ̀ bá sì mọ́, iṣẹ́ ìjọba ń dúró. Igi tí ó fẹ́ wọ̀n kò ní gbọ́ pé ọ̀gá kò sùn.

Ọ̀pọ̀ òru ni ó lọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ti kọ́ ọmọdé fún ọdún púpọ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí: ẹ ó sọ ọ́ lónìí, ẹ ó sọ ọ́ lọ́la, kò ní jọ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, tígà wá kan okùn. Ní 1925, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ́nù tí wọ́n ń pè ní Illustrated London News gbé àwọn fọ́tò tígà rẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn yà á wò, wọ́n tún yà á wò. Tígà tí ó wà láàyè, tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ ní ọ̀nà rẹ̀ ní òru, tí kò sí ènìyàn kankan nítòsí rẹ̀! Ní 1927 ó kó àwọn àwòrán náà àti ìtàn wọn jọ sí ìwé kan, With a Camera in Tiger-Land. Òmíràn tẹ̀ lé e ní 1934.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú wa lórí jù ni ohun tí ó rí nígbà tí àwọn fọ́tò náà wá pọ̀. Ó tẹ́ wọn síwájú, ó ń fi ọ̀kan wé èkejì. Ó rí i pé kò sí tígà méjì tí ìlà ara wọn bára mu. Èyí ní ìlà tí ó pín sí méjì ní èjìká, èyí ní tirẹ̀ tí ó ká bí ìwọ̀ ẹja. Àní ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kì í bá ti ẹ̀gbẹ́ òsì mu lára tígà kan náà. Ẹ rántí ìtẹ̀ka tí a sọ níbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ àti báǹkì fi ń gba ìtẹ̀ka? Nítorí pé àtàǹpàkò ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn mu, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbejì. Tígà náà ń tẹ̀ka. Gbogbo ara rẹ̀ ni ó fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, Champion lè wo fọ́tò kan kí ó sọ pé: a ti pàdé eléyìí rí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn, bí ẹ óò ti rí i láìpẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé pé kí ìjọba dín ìwé àṣẹ ìbọn kù, kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ mọ́tò máa wọ igbó ìjọba bí ó ti wù wọ́n, kí wọ́n sì dín owó tí wọ́n ń san lórí òkú ẹran kù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. A kò sì gbọdọ̀ purọ́ fún yín: tígà kì í ṣe ológbò. Ìtàn Jim Corbett tó láti fi hàn. Ọdẹ pàtàkì ni Corbett ní agbègbè òkè kan náà. Òun ni àwọn ará abúlé máa ń ránṣẹ́ sí bí tígà bá ń pa wọ́n. Èyí tí ó pa ní Champawat ní 1907, wọ́n ní ó ti pa ènìyàn 436. Ẹni tí tígà gbé ìyá rẹ̀ lọ ní etí odò kò ní pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń yà á ní fọ́tò, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n Corbett tí ó mọ gbogbo èyí, tí ó ti fi ojú rí òkú àwọn tí tígà pa, nígbà tí ó rí àwòrán Champion, òun náà ra kámẹ́rà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gbé ìbọn sílẹ̀, àfi bí ó bá di ọ̀ràn ẹran tí ń pa ènìyàn. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí wọ́n ṣe akitiyan tí ìjọba fi ya igbó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko ní 1936, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Íńdíà. Lẹ́yìn tí Corbett kú ní 1955, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe igbó náà. Champion ní tirẹ̀ kúrò ní Íńdíà ní 1947 nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira, ó sì lọ ṣiṣẹ́ igbó ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Òmìnira kò dá ìbọn dúró. Ọdún 1972 ni òfin tó wá tí ó ka tígà pípa léèwọ̀, ní 1973 ìjọba sì dá ètò ńlá kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú wọn. Ìgbà náà ni ọ̀ràn kan wá yọjú. Bí ẹ bá ń tọ́jú ohun kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye rẹ̀. Ta ni yóò ka tígà, báwo ni yóò sì ṣe kà á? Ipa ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àwọn gáàdì á máa wo iyanrìn, wọ́n á máa ya àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ sórí ìwé, wọ́n á ní èyí jẹ́ ti ẹran kan, èyí jẹ́ ti òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún, iye ń wọlé.

Ó ku díẹ̀ kí àwa má lè sọ èyí láìrẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó bá ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé mọ̀ ọ́n dáadáa. Rẹ́jísítà lè kún fún orúkọ kí kíláàsì má ní ọmọ. Bí tíṣà bá ń pe orúkọ láìgbé ojú sókè, ọmọ kan lè dáhùn fún mẹ́ta. Ní Íńdíà, igbó kan wà ní ìpínlẹ̀ Rajasthan tí wọ́n ń pè ní Sariska. Ní 2004, ìwé ìjọba sọ pé tígà 16 sí 18 ni ó wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005, wọ́n wá wọn títí. Ẹyọ kan kò sí. Àwọn apẹran-ní-ìkọ̀kọ̀ ti pa wọ́n tán, orúkọ nìkan ni ó kù nínú ìwé. Gbogbo ilẹ̀ Íńdíà ni ó gbóhùn sókè.

Nígbà náà ni wọ́n wá padà sí ohun tí Champion ti rí. Onímọ̀ ọmọ Íńdíà kan, Ullas Karanth, ti ń lò ó ní igbó Nagarahole ní gúúsù láti bíi 1990 síwájú. Ó ń gbé kámẹ́rà méjì kọjú síra ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì ń fi ìlà ara mọ tígà kọ̀ọ̀kan. Kò sí okùn mọ́, kò sì sí ẹ̀tù. Kámẹ́rà òde òní ń mọ̀ ọ́n bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò yà á, yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, yóò sì tún máa dúró de èyí tí ń bọ̀. Òòrẹ̀ kò lè jẹ òru tígà mọ́.

Ní 2006 tí wọ́n kà á lọ́nà tuntun, iye tí wọ́n rí bani lẹ́rù: 1,411 fún gbogbo Íńdíà. Wọ́n gbára dì. Ní kíkà ti 2018, ibi 26,838 ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí. Àwòrán tí wọ́n rí lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ fọkàn sí i: nínú gbogbo ìyẹn, 76,651 péré ni ó jẹ́ ti tígà. Ìyókù, àgbọ̀nrín ni, ìmàdò ni, ènìyàn ni, koríko tí atẹ́gùn ń mì ni. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo ìlà ara àwọn tígà náà, wọ́n rí 2,461 tí ó dá yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n ṣírò àwọn tí kámẹ́rà kò rí mọ́ ọn, ó jẹ́ 2,967. Ní 2022, ó ti sún mọ́ 3,700. Tígà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yà ní fáìlì tirẹ̀. Bí awọ tígà kan bá dé ọjà ọ̀daràn lónìí, wọ́n lè tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n wo ìlà rẹ̀, kí wọ́n sì mọ igbó tí wọ́n ti pa á bí fọ́tò rẹ̀ bá wà nílé. Ìtẹ̀ka ni.

Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà láàárín wa, a rí bí ẹ ti ń wo ara yín. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá irú kámẹ́rà yìí wà ní Nàìjíríà. Ó wà. Ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ní òkè Mbe, ìnàkí ńlá kan ń gbé tí òyìnbó ń pè ní gorílà. Nínú gbogbo Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, irú tirẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò ju bíi 300 lọ. Wọ́n ti dẹ́rù ba àwọn gorílà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro kí ènìyàn tó fi ojú kàn wọ́n. Àwọn tí ń ṣọ́ wọn mọ ìtẹ́ tí wọ́n sùn sí, wọ́n mọ ìgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ojú rí i bóyá wọ́n ṣì ń bímọ. 

Ní 2020, kámẹ́rà kan tí wọ́n so mọ́ igi níbẹ̀ rí wọn. Wọ́n ń tò kọjá ní ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín igi, àgbà àti ọmọ. Ọmọ wọn ju ọ̀kan lọ. Ìyá kan wà nínú wọn, kò ní ọ̀já, ṣùgbọ́n ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.